Bí Ẹ Ṣe Lè Rí Ilé-Ìwé Gíga Tí Apá Yín Ká n'Ìbàdàn, Láìkó Sí Gbèsè

Iye tí ilé-ìwé kọ síta pé òun ń gbà kọ́ ni iye tí ọmọ máa ná. Ọ̀pọ̀ òbí n'Ìbàdàn, iye yẹn nìkan ni wọ́n máa ń bèèrè. Wọ́n á kó àjọ, wọ́n á san án, wọ́n á mí kanlẹ̀. Kò ní pẹ́ tí owó ilé á fi dé, owó ọkọ̀ Micra á dé, owó ìwé àti hándáòtù náà á dé. Gbèsè kì í sábà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ wọlé. Nígbà tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀, tí ìyá ọmọ á sáré lọ gba kómúlélántà, ẹ̀yáwó tí wọ́n ń san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí pé wọn ò ní jẹ́ kí ọmọ jókòó ṣe ìdánwò bí kò bá san èyí tó kù.

Torí náà, ìṣirò ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni tó lọ gba fọ́ọ̀mù JAMB.

Ìṣirò kí ẹ tó yan ilé-ìwé

Ẹ mú bébà kan, kí ẹ kọ orúkọ ilé-ìwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ọmọ ń rò sí i. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ owó tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà ìwọlé: owó àsẹ́pútáǹsì, àyẹ̀wò ìlera, ìforúkọsílẹ̀. Ẹ kọ owó ọdọọdún tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ owó ìgbé ayé, ìyẹn ilé, ọkọ̀, oúnjẹ àti dátà. Ìkẹyìn ni owó ọdún àṣekágbá: iṣẹ́ pròjẹ́ẹ̀tì, títẹ̀ ẹ́ àti dídì í, kílíráǹsì, ìwé-ẹ̀rí. Ẹ wá fi iye ọdún tí kọ́ọ̀sì náà máa gbà ṣe ìsọdipúpọ̀ gbogbo ohun tó jẹ́ ti ọdọọdún.

Ẹ má gba iye wọ̀nyí lẹ́nu ẹni kan ṣoṣo. Orí wẹ́ẹ̀bù ilé-ìwé máa ń sọ owó tí ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ń gbà, kì í sọ owó tí ẹ̀ka ń gbà, owó ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, tàbí owó fíìdì àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìmọ̀ ilẹ̀. Ẹ wá ọmọ kan tó wà ní ọdún kejì ní ẹ̀ka náà gan-an, kí ẹ sì wá òmíràn tó ń ṣe àṣekágbá lọ́wọ́. Ẹ ní kí wọ́n fi risíìtì hàn yín. Owó ọdún 1 sábà máa ń ju ti ọdún 2 lọ, nítorí náà ẹni tó bá sọ iye kan fún yín, ẹ bi í pé ti ọdún wo ni.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ ilé àti ọkọ̀, torí ibẹ̀ ni ìṣirò àwọn èèyàn ti ń wọ́. Ká ní ọmọ ń ti ilé lọ, tí owó ọkọ̀ lọ-bọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,600 náírà. Bó bá ń lọ lẹ́ẹ̀márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọgbọ̀n ọ̀sẹ̀ lọ́dún, 240,000 náírà nìyẹn. Ká ní ó gba yàrá dípò bẹ́ẹ̀, 250,000 náírà lọ́dún, àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ́ọ̀nù 70,000, kí mátíréèsì, sílíńdà gáàsì, ìkòkò àti fáànù sì jẹ́ 120,000. Ọdún àkọ́kọ́ ti di 440,000. Ní ọdún kejì, ó padà sí 250,000, ó sì dà bíi pé ó bá owó ọkọ̀ dọ́gba. Àmọ́ ẹni tó ń dá gbé ń dá jẹun. Bó bá ń jẹ 1,500 náírà lójúmọ́, ọgbọ̀n ọ̀sẹ̀ á gbà á ní 315,000. Oúnjẹ ló ń pa àpò, kì í ṣe yàrá. Ọmọ tó ń jẹ nínú ìkòkò ìyá rẹ̀ náà ń náwó lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ń gbé Ọ̀jọ́ọ̀, Àgbowó tàbí Bódìjà, kí ó má ṣe gbé yàrá nítorí UI (Yunifásítì Ìbàdàn) rárá, bí àyè bá wà nílé. Ẹni tó ń gbé Mọ́lété tàbí Challenge, ó lè wọ ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta kó tó débẹ̀, bẹ́ẹ̀ kíláàsì aago mẹ́jọ ò ní dúró dè é. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ti ilé lọ fún ọdún kan sí méjì, kó wá gba yàrá ní ọdún àṣekágbá tí iṣẹ́ pọ̀. Bí yàrá bá di dandan, kí àwọn méjì pín in. Kí wọ́n sì kọ́kọ́ gbìyànjú họ́sítẹ́ẹ̀lì inú ọgbà, torí ó sábà máa ń dín ju Àgbowó àti Orógun lọ fún ọmọ UI, tàbí Apẹ̀tẹ̀ àti Ìjókòdó fún ọmọ Pólì Ìbàdàn.

Ohun kan ṣì wà tí ìṣirò gbọ́dọ̀ gbà mọ́ra: ìyanṣẹ́lódì. Ní 2020, àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba lo nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án nílé. Ní 2022, ó bẹ̀rẹ̀ ní 14 oṣù kejì, ó sì parí ní 14 oṣù kẹwàá. Owó yàrá ń lọ ní gbogbo àsìkò yẹn. Ẹ fi ọdún kan kún iye ọdún tí kọ́ọ̀sì yín máa gbà nígbà tí ẹ bá ń ṣírò owó ilé. Bí ìyanṣẹ́lódì ò bá sí, èrè yín ni.

Àwọn ilé-ìwé tó wà nítòsí tí owó wọn ṣe é bá yí

Yunifásítì Ìbàdàn, tó ti wà láti 1948, ni gbogbo ayé ń wò. Ìjọba àpapọ̀ kì í gba owó ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ka dìgírì àkọ́kọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn owó mìíràn tó yí i ká kò kéré mọ́. Ní sáà 2023/2024, owó akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kọjá 200,000 náírà, ti ìmọ̀ ìṣègùn sì kọjá 400,000. Àwọn tó ń sọ fún yín pé UI ò gbowó, owó ayé àtijọ́ ni wọ́n ń sọ. Síbẹ̀, bí ẹ bá fi wé yunifásítì aládàáni, ìyàtọ̀ rẹ̀ pọ̀ gan-an. UI ń béèrè 200 ó kéré tán nínú 400 ti JAMB, wọ́n sì fẹ́ kí ọmọ fi àwọn ṣe àṣàyàn àkọ́kọ́.

Pólì Ìbàdàn ní Sángo, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1970, jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. LAUTECH, yunifásítì tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, náà ti di ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nìkan láti 2020. Ilé-ìwé ìjọba ìpínlẹ̀ sábà máa ń ya owó ọmọ ìpínlẹ̀ sọ́tọ̀ sí ti àlejò. Nítorí náà, ẹ lọ gba ìwé-ẹ̀rí ọmọ bíbí ní ìjọba ìbílẹ̀ yín kí ìforúkọsílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn pọ̀ tó ti san owó àlejò torí pé ìwé yẹn kò sí lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀, àtitún un ṣe lẹ́yìn náà sì máa ń nira.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹjú mọ́ dáadáa ni àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó wà láàárín wa níbí tí ọ̀pọ̀ ò kà kún. Federal School of Statistics wà ní Ajíbọ́dé. Federal College of Forestry wà ní Jẹ́ríkò. Ní Moor Plantation, Federal College of Agriculture wà níbẹ̀ láti 1921, Federal College of Animal Health and Production Technology sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Federal Cooperative College wà ní Ẹlẹ́yẹlé. ND (dípúlọ́mà) àti HND (dípúlọ́mà gíga tó tẹ̀ lé e) ni wọ́n ń fúnni. Akẹ́kọ̀ọ́ wọn kò pọ̀ bíi ti Pólì, ìjà àyè ò le tó bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ tí wọ́n ń kọ́ni sì jẹ́ èyí tí ọwọ́ ń ṣe: ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn, igbó àti igi, ìṣirò dátà. Ọmọ tó gba 160 ní JAMB, tó ń jókòó nílé lọ́dún kejì nítorí UI, ìbá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ND níbẹ̀.

Fún ẹni tó fẹ́ ṣe tíṣà, Federal College of Education (Special) wà ní Ọ̀yọ́. Fún ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́, NOUN, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí a ti ń kẹ́kọ̀ọ́ láti ilé, ní ibùdó ìkẹ́kọ̀ọ́ n'Ìbàdàn, UI náà sì ní Distance Learning Centre tirẹ̀ fún irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Àǹfààní NOUN ni pé kọ́ọ̀sì tí ẹ bá forúkọ sílẹ̀ fún ni ẹ máa sanwó rẹ̀, àti ìdánwò rẹ̀. Bí owó ò bá tó ní sáà kan, ẹ dín kọ́ọ̀sì kù. Kò sí owó yàrá, iṣẹ́ yín ò sì dúró.

Ilé-ìwé yòówù kó jẹ́, ẹ rí i pé ó ní àṣẹ, kí kọ́ọ̀sì náà gan-an sì ní àṣẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀. NUC ló ń mójú tó yunifásítì, NBTE ló ń mójú tó pólì àti àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń fúnni ní ND, NCCE ló ń mójú tó kọ́lẹ́ẹ̀jì tíṣà. Gbogbo wọn ló ní àkọsílẹ̀ lórí wẹ́ẹ̀bù wọn. Ilé-ìwé tí owó rẹ̀ kéré ju ti gbogbo ayé lọ, tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan láàárín ṣọ́ọ̀bù, tó ní òun jẹ́ ẹ̀ka yunifásítì kan nílẹ̀ òkèèrè, ẹ kọ́kọ́ wá orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ NUC. Kò sí owó tó pọ̀ bí owó ọdún mẹ́rin lórí ìwé-ẹ̀rí tí ìjọba ò mọ̀.

Ọ̀nà àtẹ̀gùn

Bí owó ọdún mẹ́rin ò bá sí nílẹ̀, ẹ má yá a. Ẹ pín ìrìn náà sí méjì. ND jẹ́ ọdún méjì, NCE, ìyẹn ìwé-ẹ̀rí tíṣà, jẹ́ ọdún mẹ́ta. Lẹ́yìn wọn, Direct Entry máa gbé ọmọ wọ ọdún 2 yunifásítì láìtún ṣe UTME, ìyẹn ìdánwò JAMB. ND ọdún méjì àti dìgírì ọdún mẹ́ta di márùn-ún. Ẹ pàdánù ọdún kan, ṣùgbọ́n láàárín méjèèjì, ìwé-ẹ̀rí ti wà lọ́wọ́ tí ọmọ lè fi ríṣẹ́, kó sì tọ́jú owó.

Ohun tó ń ba ọ̀nà yìí jẹ́ ni pé ọmọ ń mú ND tí ẹ̀ka tó ń lọ ò fẹ́. Kí ẹ tó yan ND rárá, ẹ wọ IBASS, ìyẹn ibi tí JAMB kó ohun tí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ń béèrè sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ Direct Entry ní kọ́ọ̀sì tí ọkàn yín fẹ́ parí sí. Kí ọmọ fi upper credit jáde ní ND ló dájú jù. Kírédíìtì márùn-ún ti WAEC tàbí NECO ṣì gbọ́dọ̀ pé, Gẹ̀ẹ́sì sì gbọ́dọ̀ wà nínú wọn. Bí Matimátíìkì bá jẹ́ D7, tí kò tó kírédíìtì, tí kọ́ọ̀sì yín sì ń béèrè rẹ̀, ẹ tún un ṣe nígbà tí ND ń lọ lọ́wọ́, ẹ má dúró di ìgbà tó bá parí.

Ẹ̀yáwó NELFUND: bí a ṣe ń gbà á, àti ibi tó ti ń wúwo

Bí owó bá ṣì kù díẹ̀ kó pé lẹ́yìn gbogbo èyí, ibí ni kí ẹ yá a, lọ́dọ̀ NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó. Òfin rẹ̀ tó wà báyìí jẹ́ ti oṣù kẹrin 2024. Kò ní èlé. Ilé-ìwé ìjọba nìkan ló wà fún, ti àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀. Owó ilé-ìwé lọ tààrà sí àpò ilé-ìwé. Owó ìgbọ́bùkátà, 20,000 náírà lóṣù, máa ń wọ àkáǹtì ọmọ. Sísan án padà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì tí ọmọ bá ti sin ìlú parí, ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù rẹ̀ ni wọ́n á sì máa yọ.

Ìwọ̀nyí ni kí ẹ ṣe ní títẹ̀léra:

1. Ẹ gbé NIN, BVN àti ìwé JAMB sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Orúkọ, lẹ́tà sí lẹ́tà, àti ọjọ́ ìbí gbọ́dọ̀ bára mu. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà: Olúwaṣeun níbì kan, Ṣeun níbòmíràn. Ẹ tún èyí tó yàtọ̀ ṣe kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.
2. Ẹ bèèrè ní ọ́fíìsì ICT ilé-ìwé bóyá wọ́n ti gbé orúkọ yín ránṣẹ́ sí NELFUND. Bí wọn ò bá tíì gbé e, pótàlì á ní òun ò mọ̀ yín, kò sì sí ohun tí ẹ lè ṣe lórí fóònù yín tó máa yí i padà.
3. Ẹ wọ nelf.gov.ng, kí ẹ forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú ímeèlì tí ẹ lè ṣí fúnra yín. Ímeèlì oníkáfẹ̀ẹ́ kọ́ o.
4. Ẹ fi àkáǹtì báǹkì gidi sílẹ̀ ní orúkọ ọmọ, kì í ṣe wálẹ́ẹ̀tì orí fóònù.
5. Ẹ yan owó ilé-ìwé. Owó ìgbọ́bùkátà jẹ́ ìbéèrè tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ tẹ ẹ̀rí pé ẹ ti béèrè jáde.
6. Sáà tuntun, ìbéèrè tuntun. Ti èṣí kò ní gbé ara rẹ̀ wọ ọdún yìí.

Owó náà lè pẹ́ kó tó dé, kí gbèdéke ilé-ìwé sì ti kọjá. Bí ẹ bá ti san tiyín tán kí NELFUND tó san, ẹ kọ lẹ́tà sí báásà, ẹni tó ń mójú tó owó ilé-ìwé, ẹ fi risíìtì méjèèjì mọ́ ọn, kí wọ́n dá a padà tàbí kí wọ́n kà á sí owó sáà tó ń bọ̀. Ẹ gba ẹ̀dà lẹ́tà náà pẹ̀lú òǹtẹ̀ pé wọ́n ti rí i. Owó yẹn wà lọ́rùn yín gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yáwó, ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kó rì.

Wàyí o, ẹ wo ibi tó ti ń wúwo. Ká ní owó ilé-ìwé jẹ́ 150,000 lọ́dún, fún ọdún mẹ́rin: 600,000. Ká ní ọmọ tún gba ìgbọ́bùkátà fún oṣù mẹ́wàá lọ́dún, fún ọdún mẹ́rin: 800,000. Àpapọ̀ jẹ́ 1,400,000. Bó bá ríṣẹ́ 100,000 náírà lóṣù, 10,000 ni wọ́n á máa yọ, á sì gbà á ní oṣù 140, ìyẹn ọdún mọ́kànlá àti oṣù mẹ́jọ. Bó bá jẹ́ owó ilé-ìwé nìkan ló gbà, oṣù 60 péré, ọdún márùn-ún. Ìgbọ́bùkátà ló ju ìdajì gbèsè yẹn lọ. Ìmọ̀ràn wa ni pé ọmọ tó ń jẹun nílé kó má gbà á. Ẹni tí kò ní ibi tó ti máa jẹun, kó gbà á láìtijú, àmọ́ kó fi í jẹun, kó má fi ra fóònù.

Owó tí a kì í san padà

Ọ̀pọ̀ sikọ́láṣíìpù ńlá kì í wo ọmọ ọdún 1. Ti MTN Foundation fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, fún àpẹẹrẹ, ọmọ ilé-ìwé ìjọba tó ti kọjá ọdún 1, tí CGPA rẹ̀ (àròpín máàkì gbogbo ọdún tó ti lò) sì tó 3.5, ni wọ́n ń wá. Èyí túmọ̀ sí pé èsì ọdún àkọ́kọ́ lówó lórí. Ọmọ tó ń ta káàdì títí di òru ní ọdún 1, tó wá mú 2.9, ti pàdánù ju ohun tó rí níbi káàdì lọ. Bí iṣẹ́ bá máa wà rárá, ó sàn kó jẹ́ ti ìsinmi tàbí ti òpin ọ̀sẹ̀, irú bíi kíkọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní lẹ́sìn.

Àwọn iléeṣẹ́ epo náà ń fúnni ní tiwọn lọ́dọọdún, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ní ìgbìmọ̀ sikọ́láṣíìpù tirẹ̀. Ẹ má gbàgbé ìjọ, mọ́sálásí, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú àti ẹgbẹ́ àwọn tó jáde níléèwé girama yín; owó wọn kéré, ṣùgbọ́n àwọn tó ń du ú kò pọ̀. Ẹ ní fáìlì kan tí ẹ̀dà lẹ́tà ìgbaniwọlé, èsì WAEC, ìwé-ẹ̀rí ìjọba ìbílẹ̀, fọ́tò àti èsì sáà tó kọjá wà nínú rẹ̀, torí ìpè sábà máa ń jáde pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré. Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó fọ́ọ̀mù sikọ́láṣíìpù, olè ni.

Bákan náà ni ẹni tó ní òun lè bá yín "wá àyè". Ìgbaniwọlé tó jẹ́ ojúlówó máa hàn lórí CAPS ti JAMB, níbi tí ọmọ fúnra rẹ̀ ti máa tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà. Ohun tí kò bá sí níbẹ̀, kò sí. Owó ilé-ìwé ìjọba sì sábà máa ń gba orí Remita, ibi tí a ti ń sanwó fún ìjọba lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú nọ́ńbà ìsanwó RRR oníye méjìlá. Kì í gba àkáǹtì ẹnì kan.

Bí owó bá tán láàárín

Ẹ má lọ sí kómúlélántà, ẹ má sì lọ sí ápù ayánilówó. Ẹ wo ìdí. Ká ní wọ́n yá yín ní 100,000, wọ́n yọ 6,000 fún fọ́ọ̀mù àti ìdánilójú, ẹ sì ń san 5,000 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún. 94,000 ló dé ọwọ́ yín, 120,000 lẹ san. 26,000 náírà lé e kí oṣù mẹ́fà tó pé. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ gan-an lẹ sì ti ń san án padà, nítorí náà ẹ ò tiẹ̀ lo owó náà fún oṣù mẹ́fà náà. Ápù wá le ju ìyẹn lọ: bí ọjọ́ bá kọjá, àwọn kan nínú wọn á máa pe gbogbo èèyàn tí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù yín.

Alájẹṣẹ́kù ni kí òbí ti wà nínú rẹ̀ láti ìgbà tí ọmọ ti wà ní SS1. Púpọ̀ nínú wọn máa ń yáni ní ìlọ́po méjì ohun téèyàn ti fi pamọ́, èlé wọn sì kéré. Ṣùgbọ́n wọn kì í yá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní oṣù tó kọjá.

Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú wọn, ẹ kọ lẹ́tà sí ilé-ìwé kí gbèdéke tó pé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ sọ iye tí ẹ lè san báyìí, ẹ sọ ọjọ́ gan-an tí ẹ máa san èyí tó kù, kí ọmọ mú un lọ bá olórí ẹ̀ka rẹ̀ fún ìfọwọ́sí kó tó gbé e dé ọ́fíìsì Dean of Students tàbí Registrar. Ìpín méjì ló rọrùn jù fún wọn láti gbà. Bí wọ́n bá kọ̀, kí ọmọ béèrè ìdádúró ẹ̀kọ́ fún sáà kan, kó sì gbà á ní ìwé. Ọmọ tó gba ìwé ìdádúró máa padà wá bá àyè rẹ̀. Èyí tó kàn jókòó sílé láìsọ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n lè yọ orúkọ rẹ̀.